Skánà, Fóònù tàbí Pẹ́ńsùlù: Èwo Ló Ń Mú Ìlà Irinṣẹ́ Péye fún Fóòmù?

Ẹni tó bá fẹ́ gé fóòmù sínú àpótí irinṣẹ́, kí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ihò tó bá a mu, fóòmù fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rò: ṣé EVA ni àbí polyethylene, ṣé kó nípọn tó mílímítà 30 àbí 50. Fóòmù kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìlà tí ẹ bá gbé fún ẹ̀rọ tó fẹ́ gé e ni. Tí ìlà yẹn bá fi mílímítà 3 tóbi jù, sípánà á máa jó nínú ihò rẹ̀. Tó bá sì kéré jù, ẹ ó máa fipá tì í wọlé títí etí fóòmù á fi ya.

Ká yanjú pẹ́ńsùlù kíákíá. Pẹ́ńsùlù lásán nípọn tó mílímítà 7. Tí ẹ bá mú un dúró ṣánṣán tọ etí pílásì, ìlà á fi mílímítà 3.5 jìnnà sí i lápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà lápá òsì, ihò á wá fi mílímítà 7 fẹ̀ jù. Tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu rẹ̀ á kó sábẹ́ irinṣẹ́. Ẹ yọ tíúbù inú báírò, kí ẹ fi ìyẹn tọ ọ́. Àṣìṣe á dín kù gan-an. Fún irinṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ gé fúnra yín, ó tó.

Skánà onígíláàsì oríṣi méjì ló wà lọ́jà, ìyàtọ̀ wọn kì í sì í hàn lára páálí tí wọ́n kó o sí. CIS ni àkọ́kọ́: pẹlẹbẹ ni, okùn USB kan ṣoṣo ló sábà máa ń fún un níná. Canon LiDE 300 àti Epson Perfection V39 wà nínú irú èyí, ọ̀pọ̀ skánà tó wà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì ni. Ohun tó bá fi ara kan gíláàsì nìkan ló ń rí kedere. Sípánà pẹlẹbẹ á jáde dáadáa, àmọ́ etí pílásì tó ga sókè lórí gíláàsì á ṣú bí ẹni ń wo nǹkan láàárín ọyẹ́. Àwòrán tó bá ti ṣú báyẹn, kò sí bí Inkscape, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán di ìlà, ṣe lè mọ ibi tí irin parí sí. CCD ni èkejì, bíi Epson Perfection V600: ó nípọn, ó ní ádápítọ̀ iná tirẹ̀, ó sì ń rí ohun tó ga sókè. Tí skánà ni ẹ máa rà fún iṣẹ́ yìí, CCD ni kí ẹ béèrè. Ẹ tẹ́ irinṣẹ́ sáàárín gíláàsì, kí gígùn rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀nà tí iná skánà ń rìn, torí níbùú ni CCD ti máa ń sún ohun tó ga sókè kì. Òṣùwọ̀n 300 dpi, ìyẹn ẹyọ àwòrán 300 nínú ínṣì kan, ti tó, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mílímítà 0.085. Ẹ fi ike tó mọ́ gaara bo gíláàsì kó má baà ha. Òòlù tó gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ kò ní gba orí gíláàsì A4.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú di. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ló ń bà á jẹ́. Wọ́n á gbé irinṣẹ́ sórí pépà A4, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á yà á láti nǹkan bíi 40 sẹ̀ǹtímítà, áàpù á sì fi igun mẹ́rin pépà ṣe òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n yẹn péye fún ohun tó tẹ́ sórí pépà. Etí irinṣẹ́ ní tirẹ̀ ga ju pépà lọ, ohun tó bá sì sún mọ́ kámẹ́rà á tóbi lójú rẹ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Irinṣẹ́ kan gùn ní mílímítà 250, etí rẹ̀ sì fi mílímítà 15 ga ju pépà lọ. Kámẹ́rà wà ní mílímítà 400 sókè. 400 pín sí 385 jẹ́ 1.039, nítorí náà ìlà á jáde ní mílímítà 259.7. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sẹ̀ǹtímítà kan gùn jù! Odindi fóòmù kan á ti bá a lọ kí ẹ tó mọ̀, torí lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán náà rẹwà, kò sì ṣú rárá. Ẹ gbé kámẹ́rà dé mílímítà 1,500, ìlà á wálẹ̀ sí 252.5.

Láti mú àṣìṣe tó ṣẹ́kù kúrò, òṣùwọ̀n ni kí ẹ gbé sókè. Ẹ gé igi kéékèèké mẹ́rin tó ga ní mílímítà 15, ìyẹn gíga etí irinṣẹ́ gan-an, kí ẹ fi bírò sàmì sórí kọ̀ọ̀kan. Ẹ tò wọ́n yí irinṣẹ́ ká, kí àmì sí àmì jẹ́ mílímítà 300 níbùú àti 400 lóòró. Ẹ wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì: tí kò bá jẹ́ 500 géérégé, wọn ò tíì gún. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún fọ́tò ṣe, ẹ fi irinṣẹ́ Perspective, lórí Corrective, fa àmì mẹ́rin yẹn gún, lẹ́yìn náà ẹ sọ àwòrán di 300 sí 400 mílímítà. Etí tó wà ní gíga 15 á bọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀.

Ẹ má lo lẹ́ǹsì 0.5x, èyí tó ń gba ilẹ̀ púpọ̀. Fọ́tò megapixel 12 ní ẹyọ 4,000 ní gígùn rẹ̀. Tó bá gba mítà 2 ilẹ̀, ẹyọ kan jẹ́ mílímítà 0.5, tó bá gba sẹ̀ǹtímítà 80, ó di 0.2. Ìdí nìyẹn tí fóònù tó ní lẹ́ǹsì 3x tòótọ́, tó ń sún ohun tó jìnnà mọ́ra, fi dára jù. Ẹ gbé irinṣẹ́ sórí páàdì iná LED tí àwọn ayàwòrán ń lò, kí òjìji má bàa sí. Irin tó ń dán gbinrin máa ń gba iná páàdì sára, etí rẹ̀ á wá jọ èyí tó tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ fi páálí dúdú bo páàdì, kí ìmọ́lẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré yọ yí irinṣẹ́ ká.

Skánà 3D? Fún ihò tó gún wálẹ̀ tààrà, owó ńlá ni fún iṣẹ́ kékeré.

Ká sọ tòótọ́, skánà CCD àti fóònù, méjèèjì ló ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ kéré, tó pọ̀, tó sì fẹ́ parí iṣẹ́ láìṣírò ohunkóhun, kó ra skánà CCD. Ẹni tó ní òòlù, pílásì àti rátíṣẹ́ẹ̀tì gígùn, fóònù wà lápò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Páàdì iná, igi mẹ́rin àti pátákó tó yọ síta lórí kọ́bọ́ọ̀dù láti gbé fóònù sí ni ó kù. Kódà ẹni tó ti tọ́jú owó skánà, mo rò pé kó kọ́kọ́ dán èyí wò.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ fi mílímítà 0.5 kún ìlà yíká fún EVA líle, kí ẹ sì fi àyè ìka tó fẹ̀ tó mílímítà 25 sí i. Tí ẹ bá fẹ́ gbé fáìlì DXF, ìyẹn fáìlì tí ìlà yín wà nínú rẹ̀, fún oní-lésà tó máa gé e, ẹ sọ fún un pé mílímítà ni. Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kà á sí ínṣì, iṣẹ́ á fi ìlọ́po 25.4 tóbi. Kó tó fọwọ́ kan fóòmù, ẹ tẹ ìlà náà sórí pépà ní 100%, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ẹ gé e, kí ẹ wá gbé irinṣẹ́ gangan sínú ihò rẹ̀.