Ìkìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ń ta àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ṣọ́ra fún oníbàárà tí kì í ná ọjà

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń ta ohun àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá wà lórí fóònù yín báyìí tó ń yọ yín lẹ́nu pé kí ẹ tètè gbé ọjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Owó tó ní òun san lè má sí níbì kankan.

Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kan síta fún títà. Mo ya àwòrán rẹ̀ dáadáa, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé igun kan ti fọ́ díẹ̀, pé bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù mi ti kún. "Ṣé ó ṣì wà?" Mo ní ó wà. Kẹ́kẹ́ pa. Òmíràn ní kí n sọ iye tí mo fẹ́ gbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iye náà wà lókè ìpolówó gàdàgbà. Ẹnì kan fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà lọ̀ mí, nígbà tí mo kọ̀, ó bú mi. Ẹlòmíì ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án, mo jókòó dè é títí, kò wá, kò sì pè. Nígbà tí mo pè é, ó ti dí nọ́ńbà mi pa. Gbogbo ẹni tó bá ti ta nǹkan báyìí rí ló mọ bó ṣe máa ń sú èèyàn tó.

Inú àárẹ̀ yẹn gan-an ni gbájúẹ̀ ti ń wọlé. Nígbà tí àwọn tí kò fẹ́ rà bá ti dá yín lágara, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tútù ni ọkàn yín máa sinmi lé. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dúró dè nìyẹn.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo rí ọjà yín, ó wù mí. Iye tí ẹ pè é náà ni màá san, ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́." Kò béèrè igun tó fọ́. Kò béèrè bátìrì. Kò tilẹ̀ béèrè bóyá ṣájà wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra àlòkù máa ń yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn ni, á ní kí ẹ ya ibí, á ní kí ẹ ya ọ̀hún, á sì ná an títí ẹ̀rù á fi bà yín pé kò ní rà á. Ẹni tí kò ná rárá, tí kò sì béèrè nǹkan kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kò ní owó kankan láti san.

Ó ní òun wà lẹ́nu ìrìn àjò, pé awakọ̀ kan tó ń gbé ẹrù ni yóò bá òun wá gbé e. Kò pẹ́, àwòrán rísíìtì wọlé: orúkọ mi, nọ́ńbà àkáǹtì mi, iye owó, gbogbo rẹ̀ pé. "Mo ti san án o, ẹ̀gbọ́n. Awakọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ó ní ibòmíì tó ń lọ." Mo ṣí àkáǹtì mi. Òfìfo. Mo fẹ àwòrán náà lójú, mo wá rí i pé aago tí wọ́n kọ sára rísíìtì náà kò tíì lù. Ó ṣì ku wákàtí kan gbáko. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ iye owó náà sì nípọn ju àwọn yòókù lọ.

Mo sọ fún un pé owó kò tíì wọlé. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní ká jọ dúró dè é. Ẹ̀bẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀, ó ní ọmọ òun fẹ́ lò ó fún ìdánwò. Mo ní ká ṣì dúró. Ni ohùn bá yí padà, ó ní olè ni mí, pé mo ti gba owó òun, pé òun máa fi ọlọ́pàá mú mi. Mo ní kó mú wọn wá. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Awakọ̀ tó wà níta, ọmọlúàbí èèyàn ni. Wọ́n kàn gbé iṣẹ́ fún un ni, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, wọn ò sì san owó ọkọ̀ fún òun náà. Ẹ má ṣe bínú sí irú wọn.

Àwòrán rísíìtì kì í ṣe owó. Áàpù tó ń ṣe ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Aláàtì orí fóònù náà kì í ṣe owó, nítorí wọ́n lè fi orúkọ báńkì yín bo nọ́ńbà wọn, kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà sì bọ́ sábẹ́ èyí tí báńkì fúnra rẹ̀ ti ń fi ránṣẹ́ sí yín tẹ́lẹ̀. Bákan náà ni ímeèlì tó ní PayPal, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti gba owó náà sọ́wọ́, pé wọn yóò tú u sílẹ̀ bí ẹ bá ti fi ẹrù ránṣẹ́. Ẹ má tẹ nǹkan kan nínú ímeèlì náà. Ẹ fọwọ́ ara yín wọ inú àkáǹtì yín, kí ẹ sì fojú ara yín wò ó.

Èyí tó ń dùn mí jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀, ni èyí tí owó ti wọlé lóòótọ́. Gbájúẹ̀ á jí àwòrán ọjà yín, á gbé e síta bíi tiẹ̀ ní iye tí ẹ pè é. Ẹnì kan á rí i, á fẹ́ rà á. Nígbà náà ni gbájúẹ̀ á wá bá yín, á ní òun fẹ́ rà á, á gba nọ́ńbà àkáǹtì yín, nọ́ńbà yẹn náà ni á sì fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kó sanwó sí. Onítọ̀hún á sanwó, ẹ̀yin á rí owó gidi, ọkàn yín á balẹ̀, awakọ̀ á wá gbé ọjà. Gbájúẹ̀ gbé ọjà lọ láìná owó kankan, ẹni tó sanwó jókòó sílé kò rí nǹkan gbà, orúkọ yín ni yóò sì gbé lọ sí báńkì àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, torí àkáǹtì yín ló rí. Èèyàn méjì tí kò ṣẹ ara wọn á wá máa pe ara wọn lólè.

Nítorí náà, ẹ wo orúkọ tó wà lára owó tó wọlé. Bó bá yàtọ̀ sí ti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, ẹ má gbé ọjà sílẹ̀. "Àbúrò mi ló bá mi san án" kò tó. Ẹ ní kí ẹni tó sanwó fúnra rẹ̀ wá gbé e. Bí kò bá lè wá, ẹ lọ bá báńkì kí wọ́n dá owó náà padà sínú àkáǹtì tó ti wá, kì í ṣe òmíràn tí ẹnikẹ́ni bá kọ fún yín. Ẹ̀yin òǹrajà náà, bí orúkọ àkáǹtì tí wọ́n fún yín kò bá bá ti òǹtajà mu, ẹ má sanwó láìtíì fojú rí ọjà.

Tí ẹnì kan bá fi sọ̀wédowó san ju iye tí ẹ pè é lọ, tó ní kí ẹ dá ìyókù padà, ọgbọ́n àtijọ́ ni. Báńkì lè jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan owó náà kí wọ́n tó mọ̀ pé ayédèrú ni, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àṣírí tó tú. Ẹ̀yin lẹ máa san án.

Òmíràn á ní kí òun lè mọ̀ pé ẹ kì í ṣe oníjìbìtì, òun ti fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí fóònù yín, kí ẹ kà á fún òun. Kóòdù tí yóò fi gba WhatsApp yín nìyẹn, orúkọ yín ni yóò sì fi máa yá owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ẹ lọ sínú WhatsApp yín lónìí, kí ẹ fi kóòdù ìkọ̀kọ̀ tiyín kún un. Bí wọ́n bá sì fi líǹkì ránṣẹ́ pé ibẹ̀ lẹ ti máa gba owó yín, tí líǹkì náà ń béèrè nọ́ńbà káàdì àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sá. A kì í fi nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì gba owó.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìràwọ̀ tó wà lára orúkọ oníbàárà, èyí tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn dáadáa ni. Ní eBay, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, láti ọdún 2008 ni òǹtajà kò ti lè kọ èsì burúkú nípa òǹrajà mọ́. Craigslist, ìkànnì ìpolówó ọjà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1995, ìmọ̀ràn tó ń fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n bá ẹni tó wà nítòsí ṣòwò lójúkojú, èmi náà fara mọ́ ọn. Ẹ pàdé níbi tí èrò wà, lójú ọ̀sán. Bí ọjà bá gbọ́dọ̀ rin ìrìn àjò, ẹ fi fídíò ya nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára rẹ̀ bí ẹ ṣe ń dì í, torí àwọn kan wà tí wọ́n máa ń dá òkú ẹ̀rọ tiwọn padà, tí wọ́n á ní èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ ni.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ rẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọlọ́pàá, kí ẹ sì fi ìpolówó àti orúkọ gbájúẹ̀ náà sùn lórí ìkànnì tí ẹ ti pàdé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹnì kan lè wá bá yín pé òun mọ bí òun ṣe lè bá yín gba owó náà padà, kí ẹ ṣáà san owó iṣẹ́ díẹ̀ ná. Ará ibẹ̀ kan náà ni. Ẹ má dá a lóhùn.