Debian 13 nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, Debian ló sì wà lórí gbogbo wọn, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Linux mìíràn ni mo kọ́kọ́ lò, èyí tó máa ń gbé ẹ̀yà tuntun jáde lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Mo gba àtúnṣe sórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, kọ̀ǹpútà ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́. Ọmọbìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, fláàṣì lọ́wọ́: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, aago mẹ́wàá ni sùpáfáísọ̀ mi ń retí mi o." Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ni mo mú un lọ. Ó dùn mí dé egungun.

Debian kì í kánjú. Bí ọdún méjì-méjì ni ẹ̀yà tuntun ń jáde, ìgbà tó bá sì jinná ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á kọ́kọ́ wọ unstable, ibi tí wọ́n ti ń gba nǹkan tuntun wọlé. Bí wọn ò bá rí àléébù ńlá lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, á bọ́ sí testing, ibi tí wọ́n ti ń pèsè ẹ̀yà tó ń bọ̀. Tó bá yá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tuntun, á wá ku àtúnṣe àléébù nìkan. Oṣù kẹta ọdún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ti Debian 13. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ló tó jáde. Ọdún 3 ni wọ́n á fi tọ́jú rẹ̀, àwọn LTS, ìyẹn àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀yà tó ti pẹ́, á fi ọdún 2 lé e. Èmi tí mò ń fowó ara mi ra dátà mọ bí ìyẹn ṣe tù mí lára tó. (Kọ̀ǹpútà mi kan tó jẹ́ 32-bit, irú ti àtijọ́, ṣì wà lórí Debian 12, nítorí pé 13 ò ṣeé gbé sórí irú rẹ̀ mọ́.)

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Èyí tí mo yọ, ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn síṣẹ́ ni. Láti ọdún 1993 ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń ṣe Debian, bí ẹni ṣe ọ̀wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń fi poro han ẹni tó gbé ọkọ́ dé! Ímeèlì ni wọ́n fi ń jábọ̀ àléébù. Ẹni tó bá ṣe package àkọ́kọ́ (ètò tí wọ́n dì kí kọ̀ǹpútà lè gbà á sórí) gbọ́dọ̀ wá ọ̀gá tó máa bá a gbé e wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọṣẹ́ á ti padà kó tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti 2010 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ẹni tó ń túmọ̀ èdè tàbí tó ń kọ ìwé àlàyé náà lè di ọmọ ẹgbẹ́ gidi, kódà bí kò bá fọwọ́ kan package rárá. Ojú ọ̀nà ló yẹ kírú ìròyìn yẹn wà.

Bọ́tìnì Yorùbá wà nínú rẹ̀, òun ni mo fi kọ èyí. Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣí i fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú Debian sí Yorùbá. Orí "package" la ti kọ́kọ́ há. Ọ̀kan ní "àpò", èkejì ní rárá o. Ìgbà tí wọ́n fi máa mú iná lọ, "ẹrù" la ti fẹnu kò sí.