Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí wọ́n ní ó ń ṣáájì ara rẹ̀: kí ló ń padà wọlé gan-an?

"Ó ń ṣáájì ara rẹ̀ bí ẹ ṣe ń gùn ún lọ." Gbólóhùn yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, ó sì dùn létí. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ òótọ́ náà kéré. Lórí irú ẹ́ńjìnnì kan, iná díẹ̀ máa ń padà wọ bátìrì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì tàbí tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò sí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé yín lọ tó tún ń kún. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìdájọ́ wa síwájú: ẹ rà á nítorí bíréèkì, ẹ má rà á nítorí ṣáájì.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì ná. Èyí tó wà nídìí pẹ́dà, tó ń fi ṣéènì ṣiṣẹ́, irú èyí tí Bosch ń ṣe, kì í dá iná padà. Fíríwíìlì ẹ̀yìn ló fà á: ṣéènì lè yí wíìlì, wíìlì kò lè yí ṣéènì. Ẹ́ńjìnnì inú wíìlì tó ní gíà kéékèèké nínú náà ní kílọ́ọ̀ṣì tó ń já a sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè máa yọ̀ lọ geere. Èyí tó kù ni ti inú wíìlì tí kò ní gíà rárá. Mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ara wíìlì, wáyà bàbà wà láàárín, ìgbàkígbà tí wíìlì bá ń yí ni mágínẹ́ẹ̀tì ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló lè di jẹnẹrétọ̀. Ó wúwo ju onígíà lọ, ó máa ń tó 4 sí 7 kg, ó sì ń fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹ bá pa iná rẹ̀ tí ẹ ń fẹsẹ̀ wà á.

Ẹ lè dá a mọ̀ láìlo irinṣẹ́ kankan. Ẹ pa kẹ̀kẹ́, ẹ gbé wíìlì tí ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i síwájú, kí ẹ tún yí i sẹ́yìn. Bó bá ń ta gígìgígì lọ́wọ́ yín níhà méjèèjì, kò ní gíà nínú. Bó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́ síwájú, tó wá le nígbà tí ẹ yí i sẹ́yìn, onígíà tó ní kílọ́ọ̀ṣì ni. Ẹni tó bá sọ pé irú èyí ń ṣáájì ara rẹ̀, ẹ bi í pé ọ̀nà wo ni iná ń gbà wọlé.

Ó wá ku ìṣirò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí ń rọlẹ̀. Ká ní ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ jọ wọn 100 kg, tí ẹ ń sáré 25 km láàárín wákàtì kan. Gbogbo agbára tó wà nínú eré yẹn kò ju 0.67 Wh lọ (Wh, wáàtì-wákàtì, la fi ń wọn iná tó wà nínú bátìrì). Bátìrì gidi kan máa ń gba nǹkan bí 500 Wh. Bí ohunkóhun kò bá ṣòfò, ẹ máa dúró nígbà 750 kó tó kún. Òfò sì wà: wáyà ń gbóná, kọntiróólà, àpótí tó ń darí iná, ń gba tiẹ̀, bátìrì náà ń gba tiẹ̀. Bí ìlàjì bá dé inú bátìrì, ó di ìgbà 1,500. Ìgbàkígbà tí ẹ bá sì dúró, ẹ ní láti tún eré mú, iná tí èyí ń gbà ju èyí tó padà lọ. Owó tí ẹ mú lápò ọ̀tún lẹ fẹ́ kó sí tòsì, oníbodè méjì ló sì wà lójú ọ̀nà.

Orí òkè ló ti dáa díẹ̀. Kí 100 kg sọ̀ kalẹ̀ ní 100 mítà, 27 Wh ló wà níbẹ̀. Àmọ́ atẹ́gùn àti táyà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹun. Ní eré 25 km yẹn, òkè tó ń lọ sílẹ̀ ní mítà 2 péré nínú 100 kò mú nǹkan kan wọlé. Wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán. Lórí èyí tó lọ sílẹ̀ ní mítà 8 nínú 100, nǹkan bí 14 Wh nínú 27 yẹn lè dé inú bátìrì, ìyẹn bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀ bí kẹ̀kẹ́ yín bá ń jẹ 10 Wh ní kìlómítà kan. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, lójú ọ̀nà tí ènìyàn ń rìn lójoojúmọ́, ohun tó ń padà sábà máa ń jẹ́ 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí ẹ ná. Ìlú olókè ń mú un pọ̀ sí i. Ọ̀nà gbọọrọ tó tẹ́ ń sọ ọ́ di òfo.

Àwọn kan ní kí a so dáínámò mọ́ wíìlì iwájú. Dáínámò kẹ̀kẹ́ máa ń mú 3 W wá. Bátìrì 500 Wh á gbà ju wákàtì 160 lọ, ẹ́ńjìnnì á sì máa ná ju 3 W lọ láti yí dáínámò náà. Apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọn omi. Kí ẹ fi ẹsẹ̀ ṣáájì ńkọ́? Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó lè fi 100 W wà á fún wákàtì kan gbáko á rí bí 60 sí 70 Wh kó sínú bátìrì, òógùn rẹ̀ á sì ti rin aṣọ. Ṣájà ara ògiri á ṣe iye yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ìdajì wákàtì.

Bíréèkì náà la wá ń yìn. Ọwọ́ bíréèkì gbọ́dọ̀ ní wáyà tó ń sọ fún kọntiróólà, kọntiróólà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, bí ẹ bá fọwọ́ kan bíréèkì díẹ̀, kí páàdì tó fara kan díìsì, ẹ́ńjìnnì á ti máa mú eré wálẹ̀. Páàdì á pẹ́ gan-an kó tó jẹ tán, díìsì kò ní gbóná lórí òkè gígùn, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ rù ẹrù á sì mọ ìyàtọ̀ náà lọ́jọ́ kìíní. Kọntiróólà pọ́ọ́kú kàn ń tàn tàbí kú ni, ó máa ń já ènìyàn gìrì. Èyí tó dáa jù á jẹ́ kí ẹ fi tọ́rọ́tù, ọwọ́ tí ẹ fi ń fún kẹ̀kẹ́ níná, dín in kù tàbí fi kún un. Ẹ má yọ bíréèkì páàdì kúrò o: bí eré bá ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ́ńjìnnì kò lè mú yín dúró mọ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí bátìrì kún dé ẹnu, kí ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè láti ilé. Bátìrì 48 V tó ní sẹ́ẹ̀lì 13 lórí ìlà kì í kọjá 54.6 V, ti 36 V kì í kọjá 42. Bí iná bá fẹ́ wọlé lórí èyí, pátákó BMS tó ń ṣọ́ bátìrì á já a. Lójú ẹsẹ̀ ni bíréèkì ẹ́ńjìnnì á pòórá lábẹ́ yín, fóòtì (V) tí kò rí ibi lọ sì lè jó kọntiróólà. Ẹni tó ń gbé lórí òkè, kó máa dá ṣáájì dúró ní 80 tàbí 90 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú òtútù tó kéré sí 0°C, ẹ pa ìgbapadà náà, ìyẹn iná tó ń padà wọ bátìrì, pátápátá. Ṣáájì nínú òtútù bẹ́ẹ̀ ń ba sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù jẹ́ láìsí àtúnṣe.

Èkejì kò hàn sójú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ti kẹ̀kẹ́, ọ̀pá àárín wíìlì ń fẹ́ yí síhà kan. Bó bá ń ṣe bíréèkì, ó fẹ́ yí síhà kejì. Títì lọ títì bọ̀ yìí ń tú nọ́ọ̀tì, ó sì ń jẹ ẹnu fúréèmù, pàápàá èyí tó jẹ́ aluminiọ́ọ̀mù. Ẹ lo apá irin tó ń di ọ̀pá mú, kí ó fún pinpin níhà méjèèjì, kí ẹ sì fi sípánà yẹ nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn 50 km àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lóṣooṣù.

Nínú àwọn tó ti wà lọ́jà, BionX ti Kánádà ní ìpele ìgbapadà mẹ́rin, ó sì dáa lọ́wọ́, àmọ́ ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé lọ́dún 2018, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣòro láti rí. GMAC, ẹ́ńjìnnì inú wíìlì ti Grin Technologies, jẹ́ onígíà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pa kí ó lè dá iná padà. Ó kúrò lára àwọn tí ìdánwò ọwọ́ wa ń mú. Ti Zehus ti Ítálì kó bátìrì, ẹ́ńjìnnì àti kọntiróólà sínú wíìlì ẹ̀yìn kan. Ó ń gba díẹ̀ lára agbára ẹsẹ̀ yín nígbà tí ọ̀nà bá rọrùn, ó sì ń dá a padà nígbà tí ẹ bá ń gbéra. Òun ló sún mọ́ ìlérí yẹn jù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ló ń san owó rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì kéré.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wa kẹ̀kẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, kí ẹ fọwọ́ kan bíréèkì, kí ẹ sì wo ojú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà áḿpíà (bí iná ṣe ń ṣàn) gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo, kó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Bó bá dúró sórí òdo, kò sí iná tó ń wọlé.