Kíbọ́ọ̀dù Logitech K750, tí ìmọ́lẹ̀ inú yàrá ń bọ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń yẹ kíbọ́ọ̀dù tí Logitech gbé jáde ní ọdún 2010 yìí wò: ṣé lóòótọ́ ni iná tí a tàn sínú yàrá tó láti máa bọ́ bátìrì rẹ̀, àbí ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán ni? K750 kò ní wáyà, kò sì ní ojúhò tí a lè ki wáyà bọ̀ kí ó lè gba iná. Pánẹ́ẹ̀lì sólà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò gbọọrọ sí òkè àwọn bọ́tìnì rẹ̀, òun ni ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, tí ó sì ń fi í pamọ́ sínú bátìrì pẹlẹbẹ kan tí kò ju owó ẹyọ lọ.

Ojú wa máa ń tàn wá jẹ nípa ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan níta lè tó 100,000 lux (lux ni a fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan ṣe pọ̀ tó), ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ọ́fíìsì kì í sábà ju 500 lux lọ, èyí tí í ṣe ìdá kan péré nínú igba. Ohun tí ó kó kíbọ́ọ̀dù yìí yọ ni pé kò mọ oúnjẹ jẹ: ìgbà tí ìka bá tẹ bọ́tìnì nìkan ni ó ń fi àmì kúkurú ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, bí a bá sì gbé ọwọ́ kúrò, oorun ni ó ń sùn. Logitech sọ pé bí bátìrì náà bá kún, ó lè ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta nínú òkùnkùn biribiri. Ìdí nìyí tí n kò fi ka àìsí iná lábẹ́ àwọn bọ́tìnì sí àbùkù, nítorí pé irú iná bẹ́ẹ̀ ni ì bá jẹ gbogbo ohun tí pánẹ́ẹ̀lì ń kó wọlé tán.

Ẹ má ṣe retí irú rẹ̀ lára fóònù. Pánẹ́ẹ̀lì tí ó bo gbogbo ẹ̀yìn fóònù lè mú bíi wáàtì 2 wá nínú oòrùn tí ó mú hanhan, ṣùgbọ́n nínú yàrá, mílíwáàtì díẹ̀ ni yóò kù. Àwọn tí ń ṣe aago ọwọ́ ti tètè mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè gbé, torí pé láti ọdún 1976 ni Citizen ti ṣe aago tí ó ń lo ìmọ́lẹ̀.

Bọ́tìnì tí a ya oòrùn sí ni mo fẹ́ràn jù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, iná àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé agbára wà, pupa sì ni ìkìlọ̀. Èyí ni ó yẹ kí a fi wá ibi tí ó dára jù lórí tábìlì, kí a má sì kó ìwé jọ sórí pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ má tìtorí ìmọ́lẹ̀ gbé e sínú oòrùn gbígbóná, nítorí pé ooru a máa tètè sọ bátìrì di ògbó.

Mo gba ẹni tí iná ń tàn sórí tábìlì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ níyànjú láti rà á. Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ rí, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì rẹ̀, tí í ṣe ML2032. Ó ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi CR2032 dípò rẹ̀: ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, àmọ́ CR2032 kì í ṣe bátìrì tí a ń gba iná sí.