Ẹ́sítéètì Àwọn Tó Ti Fẹ̀yìn Tì àbí Búńgálò Tara Ẹni l'Àkúrẹ́: Èwo Ló Yẹ Kẹ́ ẹ Rà?

Ọ̀rọ̀ Màámi ló bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, gratuity tí gbogbo wa ti gbọ́kàn kúrò lórí ẹ̀ ṣàdédé bọ́ sí àkáǹtì, Bàámi ò sí mọ́, ọmọ kan wà l'Ábújá, ọ̀kan wà ní Kánádà, èmi àkọ́bí nìkan ló ṣẹ́ kù s'Àkúrẹ́. Flat òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń rẹ́ǹtì n'Íjọ́kà ti ń dá orúnkún wọn lágara. Ni àbúrò mi tó wà ní Kánádà bá fi flyer kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ́sítéètì tuntun tó jẹ́ pé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ fún, gétì ńlá, síkúríọ́tì, nọ́ọ̀sì, jẹnẹrétọ̀, àti ọgbà òdòdó kan tí arúgbó òyìnbó méjì jókòó sí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Màámi lọ wò ó."

A lọ. A tún lọ wo búńgálò mẹ́rin láàárín Ìjọ́kà sí Ọ̀bà-Ilé, a sì dé ilé ẹbí wọn l'Oǹdó. Ohun tójú wa rí ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹni tówó wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ń ṣiyèméjì, bóyá fún ara ẹ̀ ni o, bóyá fún òbí ẹ̀.

Kí ni wọ́n ń tà fún yín gan-an?

Irú ẹ́sítéètì yìí ti pẹ́ lókè òkun. Sun City tó wà ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, January 1, 1960 ló ti ṣílẹ̀kùn, òfin wọn sì gbà kí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ má gba ìdílé tó lọ́mọ kékeré, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé nínú ilé 100 téèyàn ń gbé, ó kéré tán 80 ní ẹni tó ti pé ọdún 55 nínú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, lọ́hùn-ún, iná ń tàn, omi ń yọ, tẹ́ ẹ bá pe 911 ẹnì kan máa dáhùn, owó oṣooṣù tí wọ́n ń san, lára ẹ̀ ń lọ sórí kílọ́ọ̀bù àti pápá gọ́ọ̀fù. Ẹ wá gbé nǹkan yẹn wá s'Àkúrẹ́. Iná, omi, ojú títì, ọlọ́dẹ, ọkọ̀ tó máa gbé aláìsàn, gbogbo ẹ̀ ni ẹ́sítéètì máa dá ṣe fúnra ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa sanwó ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kì í ṣe iye yàrá lẹ máa kọ́kọ́ béèrè, service charge ni, ìyẹn owó tẹ́ ẹ ó máa san lóṣooṣù fún gbogbo iṣẹ́ yẹn.

Owó

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀. Ká sọ pé pẹ́ńṣàn yín jẹ́ 120,000 lóṣù, service charge jẹ́ 45,000. Ó ku 75,000, ẹ lè ní kò burú. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ń mu diesel, ọlọ́dẹ ń gbowó oṣù, borehole ń bàjẹ́, ìgbà tí service charge bá fi máa di 70,000, pẹ́ńṣàn yín ṣì wà níbi tó wà, 50,000 lẹ máa fi jẹun, ra oògùn, dáwó ìjọ, ṣe aṣọ ẹbí. Àbí ẹ ti gbàgbé May 2023 ni? Lítà epo bẹntiróòlù kan ò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́, kí oṣù tó parí ó ti sún mọ́ 500. Nígbà tó tún di April 2024, àwọn tí wọ́n fi sí Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná 20 wákàtí lójúmọ́ fún, yúnìtì kan kúrò ní 68 náírà bọ́ sí 225. Ta ló rí pẹ́ńṣàn tó fò bẹ́ẹ̀?

Búńgálò tara ẹni náà ń jẹwó o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Òrùlé, sọkawéè, ẹ̀rọ tó ń fa omi, fẹ́ǹsì tó fẹ́ wó. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé yín máa ń ní sùúrù. Tí òrùlé bá ń jò lẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀ títí owó á fi wọlé. Service charge ò mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ ní oṣù mẹ́ta wọ́n á gé iná yín, ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa, ojú ìwé kẹsàn-án, ìlà kékeré. Nítorí náà ẹ béèrè: ta ló ń dá iye ẹ̀? Ṣé onílé lè dìbò sí i? Ṣé wọ́n máa ń fi ìṣirò ọdún tó kọjá han èèyàn? Ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri ní "management" ló ń dá a. Mo ní management wo? Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ wà nínú ètò pẹ́ńṣàn tuntun yìí tí wọ́n ń yọ 8% lára owó oṣù yín tí ọ̀gá sì ń fi 10% lé e, láti 2022 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pẹ́ńṣàn, ti gbà kéèyàn yọ tó ìdá 25 nínú 100 owó tó wà ní RSA ẹ̀, ìyẹn àkáǹtì pẹ́ńṣàn ẹ̀, láti fi ṣe owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé tó fẹ́ fi mọ́géèjì rà. Àmọ́ tó bá ti ku ọdún tí ò tó mẹ́ta kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì, wọn ò ní í dá yín lóhùn. Torí náà ẹni tó ti pé 55 kó tètè sáré sí i, ẹni tó dúró dìgbà tí wọ́n bá ń ṣe send-off fún un ti pẹ́ jù.

Tó bá di òru

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù lójú tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n múná, Màámi wà ní bálùwẹ̀, ọṣẹ wà nílẹ̀, táìsì yẹn ń dán bí àwo. Wọ́n yọ̀ ṣubú. Fóònù wà ní yàrá. Ni wọ́n bá mú kọ́ọ̀bù ìwẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu páìpù. Ìyá alátà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló gbọ́, ó rò pé páìpù ló bẹ́, ó ń pariwo bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, "Màmá, ẹ ti omi yín pa o!", àfìgbà tó gbóhùn wọn. Egungun kankan ò kán, a dúpẹ́.

Nínú ẹ́sítéètì yẹn, bọ́tìnnì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òmíràn wà ní bálùwẹ̀. Wọ́n ní téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì á dé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Mo bá tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin yẹn ní "Ah, Mummy, ẹ má tẹ̀ ẹ́!", mo ní ká jọ dúró. Ìṣẹ́jú 11 lórí fóònù mi kí ẹnikẹ́ni tó yọjú, ọlọ́dẹ gétì sì ni, ó gbé tọ́ọ̀ṣì dání lọ́sàn-án gangan, ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe tán ni, kí n ṣí gétì?"

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Gbogbo ilé ibẹ̀ ò ní àtẹ̀gùn, ẹnu ọ̀nà fẹ̀ débi tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn á gbà kọjá, irin wà lára ògiri bálùwẹ̀ tí àgbà lè dì mú, ilẹ̀ ẹ̀ ò sì yọ̀. Nínú búńgálò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a wò, kò sí ọ̀kan tó ní irin yẹn, méjì nínú wọn ní àtẹ̀gùn mẹ́ta níwájú, táìsì gbogbo wọn ń dán. Àwa Yorùbá, tá a bá ń kọ́lé, bí ẹni pé a ò ní í darúgbó láé la ṣe ń kọ́ ọ. Tí bọ́tìnnì yẹn bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí nọ́ọ̀sì bá ń sùn síbẹ̀ lóòótọ́ tí kì í ṣe pé ó ń wá láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó ń dá gbé tí ò ní alátà nísàlẹ̀, ẹ́sítéètì ló máa gbà á là. Kẹ́ ẹ ṣáà tẹ bọ́tìnnì fúnra yín. Ẹ tún béèrè pé ta ló máa wa ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá UNIMEDTH ní aago méjì òru, torí ọkọ̀ tí wọ́n páàkì fún show nìkan, táyà ẹ̀ ti rọ̀.

Iyán, àlejò àti ọmọ-ọmọ

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Màámi bi wọn kì í ṣe ti owó. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ń gbà ká gún iyán?" Èèyàn Oǹdó ni wọ́n, ẹ ẹ̀ rí i. Ọmọbìnrin yẹn ní rárá, nítorí ariwo, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgúnyán wà tó ń lo iná. Màámi wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Látìgbà yẹn ni mo ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ.

Àlejò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọmọ-ọmọ ò gbọdọ̀ sùn kọjá ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe l'Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀ ló ní iye ọjọ́ tí ọmọdé lè lò lọ́dún. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi ṣe é, ìdákẹ́jẹ́ lẹ rà, ariwo ọmọ aládùúgbò ò gbọdọ̀ bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, tí wọ́n bá wálé fún Kérésìmesì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ọmọ mẹ́ta. Ṣé òtẹ́ẹ̀lì la máa kó wọn lọ ni?

Ẹ wá wo òdì kejì. Bàbá kan tá a bá níbẹ̀, tó ti ń gbé ibẹ̀ fún bí oṣù mẹ́jọ, ń ta ayò pẹ̀lú ẹnì kejì lábẹ́ igi, wọ́n ti ń bú ara wọn bí ọmọ kíláàsì kan náà. Ó ní ilé òun tó wà ní ìlú, láti àárọ̀ di alẹ́ tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Mi ò lè fi ìyẹn ṣeré. Torí búńgálò tó rẹwà jù lára àwọn tá a wò, ìyẹn èyí tó wà lápá Ọ̀bà-Ilé, layout tuntun ni, gbogbo aládùúgbò ló ń lọ síbi iṣẹ́ ní aago méje, kí ó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ewúrẹ́ nìkan ló kù tó máa kí yín. Ilé tara ẹni nínú irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ẹ ẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, ẹ ẹ̀ sì ní alátà. Lójú tèmi òun gan-an ló burú jù nínú gbogbo wọn, owó ẹ̀ ló sì ga jù.

Ìwé

Mi ò ní í pẹ́ níbí. Ẹ má san kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé lọ́yà àti surveyor tiyín, kì í ṣe tiwọn, ti lọ yẹ̀ ẹ́ wò n'Ílé Iṣẹ́ Ilẹ̀ bóyá ìjọba ò ti gba ilẹ̀ náà. Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ 1978 ti jáde, tẹ́ ẹ bá ra ilẹ̀ tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, lọ́wọ́ ẹlòmíì, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú ẹ́sítéètì, C of O kan lè wà fún gbogbo ọgbà, kí wọ́n wá fún yín ní allocation letter lásán, lẹ́tà tó kàn sọ pé wọ́n pín ilé fún yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé deed of assignment wà, ìyẹn ìwé tó sọ ilé di tiyín, ṣé ọmọ yín lè jogún ẹ̀, ṣé ẹni tí ò tíì fẹ̀yìn tì lè rà á lọ́wọ́ yín. Tí kò bá lè rà á, ọjà yín ti kéré nìyẹn. N'Ílùú Ọba, flat àwọn àgbà míì wà tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tà á, ilé iṣẹ́ á gé lára owó ẹ̀, ẹ wò ó bóyá irú ẹ̀ wà nínú tiyín. Fún búńgálò orí ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i, ọmọ ẹbí kan tó ní òun nìkan lòun ni ín, ẹ sá fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò sí nínú flyer kankan. Ibo lẹ fẹ́ kí wọ́n sin yín sí? Ẹ má bínú. Ọ̀pọ̀ àgbà ló fẹ́ sùn sínú ọgbà ara wọn, ẹ́sítéètì ò sì gbà á. Màámi ní ti àwọn ò le, ẹ̀gbẹ́ Bàámi l'Oǹdó.

Ilé ẹbí Oǹdó yẹn ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, yàrá méjì wà tí wọ́n lè tún ṣe, èèyàn sì pọ̀ níbẹ̀ débi tí wọn ò lè ṣubú kẹ́nikẹ́ni má gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ẹ̀ lè tà á láé, owó tẹ́ ẹ bá fi tún un ṣe ti di ti ẹbí, àbúrò bàbá kan sì ti ń béèrè pé ṣé Màámi á bá òun san owó iná tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ta ló yẹ kó ra ẹ́sítéètì? Ẹni tí gbogbo ọmọ ẹ̀ wà lókè òkun, tó ní owó tó ń wọlé yàtọ̀ sí pẹ́ńṣàn, tó máa ń rìnrìn àjò lọ tọ́jú ọmọ fún oṣù mẹ́fà mẹ́fà, torí kò sí ìgbà kankan tí gétì yẹn wúlò tó ìgbà tí ilé bá wà ní títì. Kó kọ́kọ́ rẹ́ǹtì fún oṣù mẹ́ta, tí wọ́n bá ní àwọn ò gba rẹ́ǹtì, kó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹni tí pẹ́ńṣàn nìkan gbẹ́kẹ̀ lé, kó má dé ibẹ̀.

Àwa ra búńgálò ògbólógbòó kan n'Íjọ́kà, yàrá méjì, títì méjì sí ilé tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Gratuity ra èyí tó pọ̀ jù, àwa ọmọ dá ìyókù. A hú táìsì bálùwẹ̀, a fi èyí tí ò yọ̀ rọ́pò, a da kọnkéré lé àtẹ̀gùn iwájú kó lè dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, sólà kékeré kan ń tan iná bálùwẹ̀ àti fìríìjì, kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ ìyá alátà. Wẹ́dà náà wá fi irin mọ́ ògiri bálùwẹ̀, irin tó lágbára, mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn láti dán an wò. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti sá tówẹ̀lì àti ìró méjì sórí ẹ̀.