Two Hands: Àwo tí Leon Fleisher fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ lẹ́yìn 40 ọdún

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé àwo orin kílásíkà wo ni òun lè fi owó òun rà láìkábàámọ̀, Two Hands ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ. Ilé-iṣẹ́ Vanguard ni ó gbé e jáde ní ọdún 2004, Leon Fleisher ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó sì tẹ dùùrù inú rẹ̀, òun nìkan, láìsí ọ̀kẹ́sítírà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà náà, ó ti tó nǹkan bí 40 ọdún tí ọkùnrin náà ti gbé àwo tí ó dá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ jáde kẹ́yìn.

Kí a tó lè mọ iyì ohun tí ó wà nínú àwo yìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é. San Francisco ni wọ́n bí Fleisher sí ní 1928, Artur Schnabel, gbajúgbajà atẹdùùrù, sì kọ́ ọ ní dùùrù láti kékeré. Ní 1952, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje dùùrù Ayaba Elisabeth ní Brussels, ohun tí ọmọ Amẹ́ríkà kankan kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Àwọn kọnṣẹ́tò (orin fún dùùrù àti ọ̀kẹ́sítírà) Beethoven márààrún àti méjèèjì ti Brahms tí òun àti George Szell, olùdarí ọ̀kẹ́sítírà, gbà sínú àwo pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà ìlú Cleveland kò tíì di ohun àtijọ́ létí mi títí di òní. Nígbà tí ó di 1964, tí kò ju ẹni ọdún 36 lọ, ìka òrùka àti ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọ àtẹ́lẹwọ́, wọn kò sì gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọwọ́ náà kò ṣẹ́, egbò kankan kò sì sí lára rẹ̀. Focal dystonia ni àìsàn náà ń jẹ́: ọpọlọ ni ó ń rán iṣan ní iṣẹ́ tí kò tọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ó tó mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe é.

Fleisher kò kúrò nídìí orin. Ní àwọn ọdún náà, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Peabody ní ìlú Baltimore, ó ń darí ọ̀kẹ́sítírà, ó sì gbájú mọ́ àwọn orin tí a kọ fún ọwọ́ òsì nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú orin wọ̀nyí kì bá tí sí rárá bí kì í bá ṣe Paul Wittgenstein, atẹdùùrù ará Vienna tí ó pàdánù apá ọ̀tún rẹ̀ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ó sì bẹ Ravel, Prokofiev, Britten àti Hindemith níṣẹ́ pé kí wọ́n kọ orin fún òun. Èyí tí Hindemith kọ ní 1923, Wittgenstein kò tẹ̀ ẹ́ rí. Inú ẹrù tí opó rẹ̀ fi sílẹ̀ ni wọ́n ti rí i, Fleisher yìí kan náà ni ó sì kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní gbangba, ní Berlin, ní oṣù Kejìlá ọdún 2004. Ọdún tí àwo yìí jáde náà ni. Mo mẹ́nu ba á nítorí pé àwọn kan máa ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí bí ẹni pé ńṣe ni ó káwọ́ gbera, tí ó ń retí ìwòsàn.

Ìwòsàn pátápátá kò sì dé. Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni abẹ́rẹ́ Botox, pẹ̀lú wíwọ́ ara dáadáa, bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ àwọn iṣan náà fún un. Agbára abẹ́rẹ́ náà a máa tán lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a sì tún gún un.

Orin kéékèèké mẹ́fà ni ó ṣáájú nínú àwo: méjì ti Bach, ọ̀kan ti Scarlatti, méjì ti Chopin àti ọ̀kan ti Debussy. Ẹni tí ó bá ń wá ìka tí ń sáré kò ní rí i níbẹ̀. Mo tilẹ̀ rò pé ì bá dára kí wọ́n fi Mazurka Chopin (orin ijó ilẹ̀ Poland) sáàárín Bach méjèèjì, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ àwo náà pa rọ́rọ́ jù fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ Nocturne (orin alẹ́) Op. 27, No. 2, ti Chopin. Ọwọ́ òsì ń lọ sókè sódò láìsinmi, ọwọ́ ọ̀tún ń dá orin lókè, nígbà tí ó bá sì yá, ọwọ́ ọ̀tún yìí á máa tẹ ohùn méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìka kẹrin àti ìkarùn-ún ni ó sábà máa ń ru ohùn òkè, ìyẹn àwọn ìka tí ó ti ká wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ́jọ́sí. Mo tẹ́tí sílẹ̀ bóyá n óò gbọ́ ibi tí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ohùn tí ó mọ́, tí kò kánjú, ni mo gbọ́.

Síbẹ̀, ọwọ́ òsì ni ó mú mi jókòó sí àwo yìí. Sonata Schubert (orin dùùrù gígùn) ní B-flat, D. 960, ni ó kádìí rẹ̀, ó sì gbà ju ìdajì àwo lọ. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1828 ni Schubert parí orin náà, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá, lẹ́ni ọdún 31. Orin náà bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀, ọwọ́ òsì lọ sí ìsàlẹ̀ dùùrù, ó sì tẹ ohùn méjì tí ó sún mọ́ra, ó ń fi wọ́n dípò ara wọn kíákíá, ní jẹ́jẹ́, kí ohun gbogbo tó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ atẹdùùrù máa ń kọjá níbẹ̀ bí ibi tí kò ṣe pàtàkì. Fleisher kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tí ó ti dá gbé ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ fún bí 30 ọdún kò padà di ìránṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nínú sonata yìí. Gbogbo ìró tí ó bá mú wá ní ìwọ̀n tirẹ̀, ohùn òkè sì ń gbára lé e. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí ó tẹ àwo yìí ní 2004 mọ Schubert ju bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó borí ní Brussels ṣe lè mọ̀ ọ́n lọ.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ara fóònù gbọ́ ọ, nítorí kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jáde. Ẹ fi ìgbọ́rọ̀ tí ó dára sétí. Bí owó bá sì ṣẹ́ kù, ẹ wá àwo tí Fleisher àti Seiji Ozawa, olùdarí ọ̀kẹ́sítírà, ti ṣe orin ọwọ́ òsì Ravel, Prokofiev àti Britten pẹ̀lú ọ̀kẹ́sítírà Boston, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ Two Hands.