Àyẹ̀wò Sikọ́láṣíìpù HOPE àti Zell Miller ní Georgia: Láti Kíláàsì Kẹsàn-án ni Kíkà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwa òbí Yorùbá tí a ń gbé ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀ ni a kàwé lábẹ́ WAEC, ohun tí WAEC sì gbìn sí wa lọ́kàn ni pé ìdánwò àṣekágbá ló ń fi ọmọ tó mọ̀wé hàn. Ọmọ tó ń ṣe ségesège ní SS1 lè jí gìrì ní SS3, kó jókòó ti ìwé rẹ̀, kó sì gba A1, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè ipò tó gbà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìgbàgbọ́ yìí gan-an ló ń ṣe àkóbá fún àwọn ọmọ wa nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti HOPE àti Zell Miller, sikọ́láṣíìpù méjì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí máàkì wọn. Mo ti fara balẹ̀ yẹ ètò náà wò, pẹ̀lú ìkànnì GAfutures tí wọ́n fi ń ṣe é, mo sì fẹ́ sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí.

Ọdún 1993 ni HOPE bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Zell Miller fúnra rẹ̀ wà lórí àlééfà gẹ́gẹ́ bíi gómìnà. Owó lọ́tìrì ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gbé e ró, mo sì mọ̀ pé èyí kò bá àwọn kan lára mu nínú àwọn ìjọ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ju 66,000 dọ́là lọ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n láti ọdún 1995 ni wọ́n ti mú òdiwọ̀n owó kúrò pátápátá, tó fi jẹ́ pé máàkì ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wò lónìí, ìbáà jẹ́ dókítà ni bàbá rẹ̀, ìbáà jẹ́ awakọ̀. Lọ́dún 2011, nígbà tí owó kò tó ná mọ́, ìjọba dín HOPE kù, wọ́n yọ owó ìwé kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì dá Zell Miller sílẹ̀ fún àwọn tí máàkì wọn ga jù. Ọdún 2023 ni wọ́n tó dá HOPE padà sí sísan gbogbo owó ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì ìjọba.

GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba póìǹtì gbogbo kọ́ọ̀sì ọmọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ sórí káàdì rẹ̀ kọ́ ni sikọ́láṣíìpù yìí ń lò. Georgia Student Finance Commission, àjọ tó ń bójú tó owó náà, máa ń tún gbogbo rẹ̀ ṣírò láti ìpìlẹ̀. Ìsọ̀rí ẹ̀kọ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń kà: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, àti èdè ilẹ̀ òkèèrè. Orin, àwòrán yíyà àti eré ìdárayá kò sí níbẹ̀, ọmọ ìbáà gba 100 nínú wọn. Àfikún póìǹtì tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń fi sí kíláàsì Honors, èyí tó le ju kíláàsì lásán lọ, àjọ náà á yọ ọ́ dànù. Lẹ́yìn náà ni máàkì á wá di lẹ́tà: 90 sókè ni A, póìǹtì mẹ́rin, 80 sí 89 ni B, póìǹtì mẹ́ta, 70 sí 79 ni C, póìǹtì méjì, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi kò ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ kíláàsì AP tàbí IB, àwọn ẹ̀kọ́ girama tó dé ìpele yunifásítì, tàbí kọ́ọ̀sì yunifásítì gan-an tí ọmọ ń ṣe nígbà tó ṣì wà ní girama, wọ́n á fi ìdajì póìǹtì kún B tàbí C rẹ̀, ṣùgbọ́n A kò lè kọjá mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan tó ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́tàdínlógún nínú ìsọ̀rí márùn-ún wọ̀nyí láàárín ọdún mẹ́rin, tó gba A mẹ́rin, B mẹ́jọ, àti C márùn-ún. Póìǹtì rẹ̀ jẹ́ àádọ́ta. Bí a bá fi mẹ́tàdínlógún pín in, 2.94 ni yóò jẹ́. HOPE ń béèrè 3.0, wọn kì í sì í sún un sókè, kódà 2.99 kò wọlé. Ọmọ náà kò rí nǹkan kan gbà nìyẹn. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn C yẹn jẹ́ 79, tí ọmọ náà sì ti fi máàkì kan péré kún un ní kíláàsì kẹsàn-án, ọdún àkọ́kọ́ ní girama, ì bá di B, póìǹtì rẹ̀ ì bá di mọ́kànléláàádọ́ta, GPA rẹ̀ ì bá sì jẹ́ 3.00 géérégé. Tàbí ká ní méjì nínú àwọn C náà jẹ́ ti AP, ibì kan náà ni ì bá gúnlẹ̀ sí. Máàkì kan tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá pàdánù nítorí pé kò dá iṣẹ́ àṣetiléwá padà ló lè di owó ẹ̀kọ́ yunifásítì ọdún mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ka gbogbo kọ́ọ̀sì tí ọmọ bá ṣe, títí kan èyí tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ kó tó tún un ṣe. Èsì àkọ́kọ́ kì í parẹ́.

Máàkì nìkan kò sì tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán kọ́ọ̀sì mẹ́rin nínú àwọn tí ìjọba kà sí ẹ̀kọ́ líle, irú bíi kẹ́mísírì, físíìsì àti ìṣirò onípele gíga. Mo fara mọ́ òfin yìí tọkàntọkàn, nítorí kò jẹ́ kí a fi kọ́ọ̀sì gbẹ̀fẹ́ kó A jọ. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé wọn kò fi ohunkóhun kún ti kíláàsì Honors, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi kíláàsì náà múra ọmọ sílẹ̀ fún AP. Ọmọ tó gba B níbẹ̀ lè ti ṣiṣẹ́ ju ẹni tó gba A ní kíláàsì tó rọrùn lọ, síbẹ̀ póìǹtì rẹ̀ kéré.

Ní ti Zell Miller, 3.7 ni GPA tí wọ́n ń béèrè, pẹ̀lú 1200 nínú SAT, ìdánwò ìgbàwọlé yunifásítì, ní ìjókòó kan ṣoṣo, tàbí máàkì tó bá a dọ́gba nínú ACT, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ṣe ipò kìíní tàbí ipò kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè gbà á láìsí ti ìdánwò yìí, bó bá ti kúnjú òṣùwọ̀n HOPE. Ní yunifásítì ìjọba, ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín méjèèjì kò tó nǹkan mọ́ láti ọdún 2023. Ní yunifásítì aládàáni bíi Emory tàbí Mercer ni Zell ti ń fúnni ní owó tó pọ̀ ju ti HOPE lọ.

Mo gbé òṣùbà fún GAfutures. Ọmọ tó bá ṣí àkáǹtì níbẹ̀ yóò rí GPA tí àjọ náà ṣírò fún un kó tó jáde girama, kì í ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí. Ẹ jókòó ti ọmọ, kí ẹ ka kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé ó bọ́ sí ìsọ̀rí tó yẹ. Bí ẹ bá rí kọ́ọ̀sì tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí, ẹ má wulẹ̀ máa pe àjọ náà. Èsì tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń lò, ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ sì ni àtúnṣe ti ń wá. Láti béèrè fún owó náà, ẹ lè fi FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tàbí GSFAPP, ti ìpínlẹ̀ Georgia, ṣe é.

Àwọn kan wà tí ètò yìí kò kàn, ó sì dùn mí láti sọ ọ́. Ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ́ aráàlú Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card, kó sì jẹ́ ẹni tí òfin kà sí olùgbé Georgia. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ṣì ń fi físà H-1B ṣiṣẹ́ lè gba A láti kíláàsì kẹsàn-án títí dé ìkejìlá, kò ní rí i gbà. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè wá sikọ́láṣíìpù tí àwọn yunifásítì fúnra wọn ń fúnni.

Èyí tí àwọn yunifásítì ń fúnni náà yàtọ̀ sí HOPE. HOPE kì í fi ọmọ kan wé òmíràn. Ẹni tó bá dé ojú ìlà ti wọlé. Ṣùgbọ́n Stamps President's Scholarship ti Georgia Tech àti Foundation Fellowship ti University of Georgia, ìdíje gidi ni wọ́n. Máàkì rere ló ń jẹ́ kí wọ́n ka ìwé ọmọ, àmọ́ gbogbo ẹni tó kù nínú ìdíje náà ló ní máàkì rere, nítorí náà àròkọ, iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe láàárín àwùjọ àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Níbẹ̀ náà, wọ́n máa ń wò ó bóyá ọmọ gbé ẹ̀kọ́ líle tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní tàbí ó sá fún un.

Ẹ fi owó sílẹ̀ fún ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé àti oríṣiríṣi owó tí yunifásítì ń gbà yàtọ̀ sí owó ẹ̀kọ́, nítorí sikọ́láṣíìpù méjèèjì kì í san wọ́n, wọ́n sì ń tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́dún. Bí ọmọ bá sì ti wọ yunifásítì, wọ́n á tún GPA rẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tó bá ti ṣe ọgbọ̀n, ọgọ́ta àti àádọ́rùn-ún wákàtí kọ́ọ̀sì. HOPE ń béèrè 3.0 níbẹ̀, Zell ń béèrè 3.3, ẹni tí kò bá tó 3.3 mọ́ lè bọ́ sí abẹ́ HOPE, bí tirẹ̀ kò bá ti lọ sísàlẹ̀ 3.0.